4,294,967,297 ṣeé pín o

Bọ̀dá, ẹ kú iṣẹ́ lẹ́sìn tẹ́ ẹ ń ṣe fáwọn ọmọ wa níbí l'Óṣogbo. Àmọ́ ohun tẹ́ ẹ kọ fún wọn, pé kò sí nọ́ńbà tó lè pín 4,294,967,297 láìṣẹ́kù àfi 1 àti òun fúnra rẹ̀, kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ ní ẹ ti fi gbogbo nọ́ńbà dán an wò títí dé 100. Lóòótọ́, kò sí èyí tó pín in níbẹ̀, ṣùgbọ́n kéèyàn tó lè fọwọ́ sọ̀yà, ó gbọ́dọ̀ wá a dé 65,536.

Ẹ fi 641 pín in. 6,700,417 lẹ máa rí, kò ní ṣẹ́ku rárá. (Kakulétọ̀ kékeré ọjà ò lè gbà á, ẹ fi bírò ṣe é.)

Fermat náà gbà bíi tiyín, ọ̀gá sì ni nínú ìṣirò. Euler, onímọ̀ ìṣirò mìíràn, ló fi hàn ní 1732 pé kò rí bẹ́ẹ̀, kò sì wá a ní ìwákúwàá. Nọ́ńbà tí kò ṣeé pín, tó sì máa pín eléyìí, tẹ́ ẹ bá yọ 1 kúrò lára rẹ̀, 64 gbọ́dọ̀ lè pín ìyókù. Ẹ ò ní fi 3, 7 tàbí 11 ṣòfò mọ́ nìyẹn: 193, 257, 449, 577, lẹ́yìn náà 641. Ẹ̀ẹ̀karùn-ún péré!