Ẹ má tìtorí ìdárayá ìmí gba inhaler lọ́wọ́ ọmọ

Ẹ̀yin tí ẹ kọ ọ́ pé kí ọmọ tó ní asthma máa fa èémí gba inú ẹ̀rọ kékeré onísípíríǹgì fún oṣù kan, kí ó sì ju inhaler nù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra. Iṣan tó ń fa èémí wọlé, pàápàá èyí tó tẹ́ sábẹ́ ẹ̀dọ̀fóró, ni ẹ̀rọ yẹn ń fún lágbára. Ọmọ á fà, sípíríǹgì á takú, àfi bí ẹni ń gbé irin. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà kò lè ṣí ọ̀nà èémí tó wú, tó sì fún pọ̀; iṣẹ́ oògùn inú inhaler nìyẹn. Ẹ̀rí lórí àwọn ọmọdé gan-an kò tíì pọ̀. Oníṣègùn ló yẹ kó wọn agbára ìmí ọmọ kó tó yan bí sípíríǹgì yóò ṣe le tó níbẹ̀rẹ̀.