Ta ló sọ fún ẹja pé ọṣẹ dúdú kò ní kẹ́míkà?

Sátidé tó kọjá, àwa 16 la kó sínú bọ́ọ̀sì kan, a forí lé omi Olúmirìn ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà. Omi náà ní ìpele méje, a ò tíì gun ju àkọ́kọ́ lọ tí ọmọkùnrin kan nínú wa fi fa kànìnkànìn yọ nínú báàgì, pẹ̀lú ọṣẹ dúdú tó wé sínú ọ̀rá. Mo ní kó dá a padà. Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, ọṣẹ dúdú ni o. Ti ìbílẹ̀ ni, kò ní kẹ́míkà. Ọṣẹ òyìnbó ló ń ba omi jẹ́." Mo wo ẹ̀yìn, àwọn yòókù ń mi orí pé òótọ́ ló sọ. Ẹ má bínú bí ohùn mi bá le díẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kẹrin rèé lọ́dún yìí tí mo máa gbọ́ ọ.

Kò ní kẹ́míkà, àbí? Ọṣẹ ni ìyá ìyá mi ń ṣe tà lágbègbè Oǹdó. Èèpo kòkó gbígbẹ ni wọ́n ń jó di eérú. Wọ́n á kó eérú náà sínú apẹ̀rẹ̀, wọ́n á máa da omi sí i lórí, omi pupa rúsúrúsú kan á sì máa ro tó, tó, tó, sínú ìkòkò tó wà lábẹ́ rẹ̀. Omi eérú yẹn ni wọ́n ń sè pọ̀ mọ́ àdín títí yóò fi ki. Ọmọ ọdún méje ni mí nígbà tí mo ki ọwọ́ bọ ìkòkò náà. Ìyá àgbà gbá mi létí kó tó rántí bomi tútù lé mi lọ́wọ́, awọ orí ìka mi sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í bó. Ohun tó bó mi lọ́wọ́ yẹn, tí kì í bá ṣe kẹ́míkà, kí ni? Bó bá di ọṣẹ tán, agbára rẹ̀ á rọ̀, àmọ́ kò lọ tán. Tí wọ́n bá wọn pH ọṣẹ dúdú, ìyẹn òǹkà tó máa ń ga sí i bí agbára nǹkan bá ṣe ń jọ ti omi eérú sí, nǹkan bí 9 sí 10 ló sábà máa ń wà, bẹ́ẹ̀ omi odò tó dára kì í sábà kọjá 8.5. Ẹ má sì ṣe rò pé ìyàtọ̀ kékeré nìyẹn: nínú ìwọ̀n pH, ẹyọ kan péré, ìlọ́po mẹ́wàá ni.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe pH ló yí mi lọ́kàn padà. Ẹja ni.

Lọ́dún 2019 mo ń sin ẹja àrọ̀ lẹ́yìnkùlé, nínú táǹkì oníkọnkéré kan. Nígbà tí mo fẹ́ kó ọmọ ẹja tuntun wọlé, mo fọ táǹkì náà. Wọ́n ti kìlọ̀ fún mi pé ọṣẹ ìfọṣọ ò dára fún ẹja, nítorí náà èmi ọlọ́gbọ́n, ọṣẹ dúdú ni mo lò. Mo ṣan táǹkì lẹ́ẹ̀kan, mo ní ó ti tó, mo fa omi sí i, mo sì kó ọmọ ẹja 300 sínú rẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti ń wá sójú omi, wọ́n ń yanu. Àrọ̀ tún ni o, ẹja tí kì í tètè kú, tó lè gba afẹ́fẹ́ lójú omi bó bá le tán! Nígbà tí mo jí láàárọ̀, ikùn funfun ló bo ojú táǹkì. Mo kà á dé 211, mo dákẹ́ kíkà.

Mo mú ọ̀kan lọ́wọ́. Ẹni tó bá ti di àrọ̀ mú rí mọ bó ṣe ń yọ̀ bọ̀rọ́bọ̀rọ́ mọ́ni lọ́wọ́. Eléyìí ò yọ̀. Ó dúró sí àtẹ́lẹwọ́ mi bí ègé rọ́bà. Ohun yíyọ̀ tó wà lára ẹja yẹn ni aṣọ rẹ̀. Òun ni kì í jẹ́ kí àìsàn tètè wọ̀ ọ́ lára, òun náà ló bo ibi pupa tó fi ń mí lábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́. Iṣẹ́ wo la sì ń rán ọṣẹ? Ṣebí kó bá wa ká ọ̀rá àti ohun yíyọ̀ kúrò lára ni. Kò mọ ara èèyàn yàtọ̀ sí ara ẹja. Ìbáà ti Oǹdó wá, ìbáà ti Lọ́ńdọ̀nù wá, iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe.

Ẹni tí kò bá ní ẹja láti pa, kó wá abẹ́rẹ́ ìránṣọ. Bu omi sínú abọ́, fi abẹ́rẹ́ lé orí ègé tíṣù kékeré, kí o rọra gbé e sórí omi. Tíṣù á rì, abẹ́rẹ́ á léfòó. Wá fi ọṣẹ dúdú díẹ̀ sórí ìka, kí o fi kan omi náà létí abọ́. Abẹ́rẹ́ ti dé ìsàlẹ̀. Ojú omi máa ń fà mọ́ra bí awọ tín-ínrín, ọṣẹ ló ń já a. Ní odò, níbi tí omi ti rọra dúró lẹ́bàá àpáta, ẹ ó rí àwọn kòkòrò ẹlẹ́sẹ̀ gígùn tó ń sáré lórí omi bí ẹni pé orí ilẹ̀ ni wọ́n wà. Awọ yẹn ló gbé wọn dúró. Ẹ wò wọ́n nígbà tí ìhó ọṣẹ yín bá dé ọ̀dọ̀ wọn.

"Ṣùgbọ́n yóò jẹrà." Yóò jẹrà lóòótọ́. Àwọn bakitéríà ló ń jẹ ẹ́, inú ilẹ̀ ni wọ́n sì pọ̀ sí jù. Àwọn tó wà nínú omi, afẹ́fẹ́ tí ẹja ń mí nínú omi kan náà ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ yẹn. Omi kì í sì í dúró dè wọ́n. Kí ọṣẹ yín tó jẹrà, ó ti sàn dé ibi tí ẹlòmíì ti ń pọnmi.

Èyí tí wọ́n máa ń fi dè mí mọ́lẹ̀ ni pé àwọn ìyá wa wẹ̀ lódò, kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Àwọn ìyá yín gbọ́n jù yín lọ. Níbi tí mo ti dàgbà, òkè odò ni ibi ìpọnmi, ìsàlẹ̀ ni ibi ìwẹ̀ àti ìfọṣọ, ọmọ tó bá mú ọṣẹ dé ibi ìpọnmi, ẹkún ló máa sun dé ilé. Wọn kì í sì í fi bọ́ọ̀sì kó ara wọn wá wẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo bí a ṣe ń ṣe nígbà ọdún Àjíǹde. Ti pé ó jẹ́ ti ìbílẹ̀ ńkọ́? Ewé tí àwọn apẹja ń gún sínú omi kí ẹja lè kú, ṣé ilé ìtajà òyìnbó ni wọ́n ti rà á? Àwọn tó ń sọ̀rọ̀ ìbílẹ̀ yìí kan náà mọ̀ pé wọn kì í pa ẹja Ọ̀ṣun nínú igbó Òṣogbo. Mi ò mọ ẹni tó wá ní kí a máa fi ọṣẹ pa á.

Ó dáa, ẹnì kan ṣoṣo tó fi ọṣẹ wẹ̀ nínú odò ńlá nígbà tí òjò Agẹmọ ti mú kó kún, ó lè jẹ́ pé ẹja kankan ò ní mọ̀. Mo gbà. Èèyàn 16 nínú omi tí kò ju orúnkún lọ lèmi ń sọ.

Àwọn ará Amẹ́ríkà kan wà tó ń kọ́ni bí a ṣe ń rìn nínú igbó láìba ibẹ̀ jẹ́, Leave No Trace ni wọ́n ń pe ẹ̀kọ́ náà. Wọ́n ní kí ẹni tó bá fẹ́ lo ọṣẹ pọn omi kúrò lódò, kó rìn tó ẹsẹ̀ bàtà 200, nǹkan bí ìṣísẹ̀ àgbà 70, kó wẹ̀ níbẹ̀, kó sì da omi náà sórí ilẹ̀. Ọṣẹ tó ń jẹrà ni wọ́n ń sọ o, kódà wọ́n ní kó mọ níwọ̀nba. Èmi ò tiẹ̀ rí ìdí ọṣẹ. Omi tó já bọ́ láti orí àpáta yẹn, tó ń lù yín lẹ́yìn bí ẹni ń na olè, ìdọ̀tí wo ló máa kù lára yín?

Mo fa kẹ́ẹ̀gì oní-lítà 10 kan yọ, mo gbé e fún ọmọkùnrin wa. Ó pọnmi kún un, ó gbé e léjìká, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè, gbogbo wa ń bá a ka ìṣísẹ̀ rẹ̀ sókè. Nígbà tí a kà á dé 31, ó sọ kẹ́ẹ̀gì kalẹ̀, ó yíjú sí mi, òógùn ti bò ó.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "mo tiẹ̀ ti wẹ̀ nílé láàárọ̀."