Módẹ̀mù yẹn ò tíì bàjẹ́ o

Ọ̀kún o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní módẹ̀mù láptọ́ọ̀pù àtijọ́ (ohun tó ń gba láìnì fóònù gbé e wọ íńtánẹ́ẹ̀tì) tó bá ti ń kọ "no dialtone" nílẹ̀ òkèèrè ti bàjẹ́ nìyẹn, ká jù ú nù. Rárá o! (ẹ má jẹ́ káwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Kabba gbọ́, wọ́n á fowó pọ́ọ́kú rà á lọ́wọ́ yín). Ohùn tí láìnì fóònù máa ń dún kéèyàn tó tẹ nọ́ńbà ("dialtone" nìyẹn) ò dọ́gba káàkiri ayé, módẹ̀mù tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà lè máà dá ti Ítálì mọ̀, á kàn jókòó máa retí ohùn tó ti dún. Ẹ fi ATX3 (àṣẹ tó ní kó má dúró de ohùn yẹn) sí sẹ́tìn ẹ̀, á tẹ nọ́ńbà láìdúró. Láìnì fóònù dígítà hòtẹ́ẹ̀lì gan-an ló yẹ kẹ́ ẹ bẹ̀rù, ẹnu wáyà á wọlé wẹ́kú àmọ́ iná ẹ̀ lè jó módẹ̀mù, láìnì ẹ̀rọ fáàsì, tí kì í ṣe dígítà, ni kẹ́ ẹ bèèrè.