Ìyẹ̀fun inú sáṣẹ́ẹ̀tì kì í ṣe stem cell

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ohun tí ẹ kọ pé ìyẹ̀fun "stem cell" tí wọ́n ń tà ní Kútọ̀ máa ń mú kí kíndìnrín tuntun hù kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Stem cell tòótọ́, ohun abẹ̀mí ni: sẹ́ẹ̀lì (ẹyọ kéékèèké tó para pọ̀ di ara wa) tó lè di oríṣi sẹ́ẹ̀lì mìíràn. Ní láàbù, inú àwo pẹlẹbẹ ni wọ́n ti ń tọ́ ọ, nínú ẹ̀rọ tó ń móoru ní ìwọ̀n 37°C. Omi pupa rẹ́súrẹ́sú tó ń jẹ, ojoojúmọ́ ni wọ́n sábà máa ń pààrọ̀ rẹ̀. Èwo ló wá lè yè nínú sáṣẹ́ẹ̀tì gbígbẹ, nínú oòrùn Abẹ́òkúta yìí?

Lóòótọ́, ní 2007, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Shinya Yamanaka àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Japan sọ sẹ́ẹ̀lì awọ ara èèyàn di stem cell. Ṣùgbọ́n kí irú rẹ̀ tó di sẹ́ẹ̀lì ọkàn tàbí ti ọpọlọ, èròjà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń fún un, ní ìpele-ìpele, fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Kì í ṣe ohun tí à ń pò mu bí ògì.

Ẹni tí kíndìnrín ń yọ lẹ́nu, kó má fi oògùn dókítà rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ bá mi pa ọ̀rọ̀ yẹn rẹ́ kíákíá, ẹ̀gbọ́n, kí ẹnìkan má baà tìtorí rẹ̀ pa ìtọ́jú tì.