Bí wọ́n bá rí DNA rẹ níbi ìpànìyàn, kò túmọ̀ sí pé o débẹ̀

Wọ́n máa ń sọ pé DNA, àmì ìdánimọ̀ tó wà nínú ara ẹnì kọ̀ọ̀kan, kì í parọ́. Bí ọlọ́pàá bá ti rí DNA lágbájá níbi tí wọ́n ti pànìyàn, lójú ọ̀pọ̀ nínú wa, ẹjọ́ ti tán: lágbájá débẹ̀, òun ló sì ṣe é. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Jámánì. Ní 2007, wọ́n yìnbọn pa ọlọ́pàá obìnrin kan ní ìlú Heilbronn. Nígbà tí wọ́n yẹ ọkọ̀ rẹ̀ wò, DNA obìnrin kan jáde. Kì í ṣe àjèjì sí àwọn ọlọ́pàá, orúkọ rẹ̀ nìkan ni wọn ò mọ̀. DNA rẹ̀ ti jáde lára ife tíì nílé ìyá arúgbó kan tí wọ́n pa ní 1993, ó ti jáde lára abẹ́rẹ́ oògùn olóró, àní lára bisikíìtì àjẹkù. Nígbà tó yá, ibi tí wọ́n ti rí i ń lọ bí 40, ní Jámánì, Austria àti Faransé. Wọ́n gbé 300,000 owó Euro kalẹ̀ fún ẹni tó bá lè júwe rẹ̀.

2009 ni àṣírí tú. Wọ́n ń wá DNA ọkùnrin kan tó ti kú lára ìwé tó tẹ̀ka sí, ni ti obìnrin yẹn bá tún yọjú. Ọkùnrin di obìnrin kẹ̀! Ibẹ̀ ni wọ́n ti yíjú sí igi olówùú tí wọ́n fi ń nu ojú ẹ̀rí. Òṣìṣẹ́ kan níbi tí wọ́n ti ń di igi òwú náà ló ni DNA ọ̀hún. Kò pa ẹnikẹ́ni. Wọ́n ti pa kòkòrò ara òwú náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tó pa kòkòrò kò ní kó ba DNA jẹ́ dandan. Ní ti ọlọ́pàá tí wọ́n pa, 2011 ni wọ́n tó rí ìbọn rẹ̀ láàárín ẹrù ẹgbẹ́ apániláyà tí wọ́n ń pè ní NSU.

Kò sẹ́ni tó ka DNA yẹn sódì o. Ti obìnrin náà ni. Ẹ̀rọ lè sọ ẹni tó ni ín, ṣùgbọ́n kò lè sọ bó ṣe débẹ̀ tàbí ìgbà tó débẹ̀.

Bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ ni ẹ ó fi rí i. Wọ́n á fi kẹ́míkà tú sẹ́ẹ̀lì kí DNA lè jáde, wọ́n á wọn iye tó wà níbẹ̀, wọ́n á kó o sínú ẹ̀rọ PCR tó ń sọ DNA díẹ̀ di púpọ̀. Ẹ̀rọ yìí á máa gbóná, á máa tutù, ní ìyípo kọ̀ọ̀kan, ẹyọ kan á di méjì. Bó bá fi máa yí nígbà 30, ẹyọ kan lè ti di bílíọ̀nù kan. Wọ́n á wá fi iná mànàmáná fa àwọn ègé náà gba inú ọ̀pá tó tín-ín-rín bí irun. Èyí tó kúrú á ṣáájú, èyí tó gùn á tẹ̀ lé e, kọ̀ǹpútà á sì ya wọ́n ní ṣóńṣó-ṣóńṣó. Ní Amẹ́ríkà, ojú ibi 20 lára DNA ni wọ́n ń kà láti 2017, 13 ni tẹ́lẹ̀. Kò sí ṣóńṣó kankan níbẹ̀ tó ní déètì. Kò tilẹ̀ sọ bóyá inú ẹ̀jẹ̀ ni DNA ti wá tàbí ara awọ. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ dá dúró lọ́tọ̀, òun náà sì lè tanni jẹ: kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní luminol máa ń tàn búlúù nínú òkùnkùn bó bá kan ẹ̀jẹ̀, á tún tàn bó bá kan bílíìṣì.

Nígbà tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Alec Jeffreys ṣàwárí ọ̀nà ìdánimọ̀ yìí ní Leicester, ní England, ní 1984, ẹ̀jẹ̀ tó ṣeé fojú rí ni wọ́n nílò. Lónìí, sẹ́ẹ̀lì díẹ̀ tí ìka fi sílẹ̀ ti tó, ibẹ̀ gan-an sì ni mo rí ewu sí. A bọ ara wa lọ́wọ́, o lọ di ọwọ́ ilẹ̀kùn kan mú, DNA mi lè wà lára ilẹ̀kùn tí n kò dé ìdí rẹ̀ rí. Ní California ní 2012, wọ́n rí DNA ọkùnrin kan lábẹ́ èékánná ẹni tí wọ́n pa. Ó lo oṣù mélòó kan látìmọ́lé kí ìwé ilé ìwòsàn tó fi hàn pé ó mutí yó lóru ọjọ́ náà, orí bẹ́ẹ̀dì wọn ló sùn mọ́jú. Àwọn òṣìṣẹ́ pàjáwìrì tó tọ́jú rẹ̀ náà ni wọ́n ránṣẹ́ pè síbi òkú ní wákàtí díẹ̀ lẹ́yìn náà.

Mi ò ní ká da DNA nù o. Òun náà ló yọ ọmọ ọdún 17 kan ní England ní 1986, lẹ́yìn tó ti fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ ìpànìyàn tí kò ṣe.

Ilé àyẹ̀wò tó mọṣẹ́ máa ń tọ́jú DNA àwọn òṣìṣẹ́ tirẹ̀ láti fi ṣèfiwéra. Wọ́n tún máa ń ti àyẹ̀wò òfo, tí wọn ò fi ẹ̀rí kankan sí, gba inú ẹ̀rọ kan náà. Bí DNA bá jáde nínú òfo, a jẹ́ pé nǹkan ti kó wọ̀ ọ́. Agbẹjọ́rò tó bá ń gbèjà afurasí ní láti béèrè èsì òfo yẹn, kó sì béèrè ibi tí wọ́n ti nu DNA gan-an, bó ṣe pọ̀ tó, àti èèyàn mélòó ló dàpọ̀ mọ́ ọn.