Ẹ Yé Gé Etí Àwòrán Dànù!

"Àwòrán tí ojú ò rí rí!!!" Ohun tí àwọn tó ń gbé fọ́tò ọkọ̀ ogun Jàpáànì àtijọ́ káàkiri orí íńtánẹ́ẹ̀tì máa ń kọ sókè rẹ̀ nìyẹn. Kò sí ọdún, kò sí orúkọ èbúté, kò sí orúkọ ẹni tó yà á. Ẹ wá wo àwòrán ọ̀hún: ọkọ̀ ogun ńlá Yamato ni, níbi tí wọ́n ti ń parí iṣẹ́ lára rẹ̀ ní èbúté Kure, ogúnjọ́ oṣù Kẹsàn-án ọdún 1941. Agbára káká lẹ fi máa rí ìwé lórí ọkọ̀ ogun Jàpáànì tí kò ní in nínú. Ojú ta ni kò wá rí i rí? Ọ̀rọ̀ ò tíì tán o, wọ́n tún kọ "Musashi" sí i lábẹ́. Ọkọ̀ mìíràn tó jọ ọ́ ni Musashi, Nagasaki ló sì wà nígbà yẹn!

Ó ń bíni nínú nítorí pé àwòrán tó ṣọ̀wọ́n lóòótọ́ wà. Abẹ́ àṣírí ni wọ́n ti kan Yamato àti Musashi, nígbà tí Jàpáànì sì túúbá ní oṣù Kẹjọ 1945, àwọn ológun ojú omi dáná sun fáìlì àti fọ́tò lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Ti Shinano, ọkọ̀ agbébàálù wọn, ló wá burú jù. Ọjọ́ 19 oṣù Kọkànlá 1944 ni wọ́n gbà á síṣẹ́. Nígbà tó fi di ọjọ́ 29, ọkọ̀ abẹ́ omi Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Archerfish ti rì í. Àwòrán rẹ̀ lójú omi tí a mọ̀ kò ju méjì lọ: èyí tí bàálù ogun Amẹ́ríkà B-29 yà láti òkè lọ́jọ́ 1 oṣù náà, àti èyí tí ayàwòrán kan tí kì í ṣe ológun yà lọ́jọ́ 11, nígbà tí wọ́n ń dán ọkọ̀ náà wò lójú omi Tokyo. Méjì péré! Síbẹ̀, ẹ ó rí ẹni tó ń gbé "ìkẹta" káàkiri, tó ń dán bíi bàtà tuntun. Inú géèmù kọ̀ǹpútà ló ti yọ ọ́.

Èyí tó ń dunni jù ni ọ̀rọ̀ àwọn tó ń gé àwòrán. Létí ọ̀pọ̀ nínú àwọn fọ́tò àtijọ́ yìí, ẹ ó rí ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fọwọ́ kọ: orúkọ ọkọ̀, ibi tó wà, ọdún. Ìlà yẹn gan-an ni wọ́n ń gé dànù kí ọkọ̀ lè kún ojú fóònù. Wọ́n ní kò yé àwọn. Kí ni kò yé níbẹ̀? Ọdún ìjọba ọba Jàpáànì ni wọ́n fi ń kà á; Meiji, Taisho àti Showa ni orúkọ sáà wọn. Tí ẹ bá rí Showa 16, ẹ fi 1925 kún un, ó di 1941. Ti Taisho, ẹ fi 1911 kún un. Ti Meiji, 1867. Meiji 38 ni ogun ojú omi Tsushima láàárín Jàpáànì àti Rọ́ṣíà, ìyẹn 1905. Ìṣirò ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni.

Àwọn kan tún wà tí wọ́n ń yí òsì àwòrán sí ọ̀tún. Nínú gbogbo ọkọ̀ agbébàálù Jàpáànì, Akagi àti Hiryu nìkan ni ilé ìdarí wọn wà lápá òsì. Tí ẹ bá wá yí Akagi po, ẹ ti ba ohun tí a fi ń dá a mọ̀ jẹ́ nìyẹn. Ẹ má sì wo àsíá o, torí ojú méjèèjì rẹ̀ bára mu, oòrùn inú rẹ̀ kì í kúrò nítòsí òpó. Lẹ́tà ni kẹ́ ẹ wò. Kí ogun tó dé, wọ́n máa ń kọ orúkọ gàdàgbà sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn destroyer, ìyẹn ọkọ̀ ogun kékeré tó ń sáré. Tí lẹ́tà bá dojú kọ òdì, àṣírí tú.

Ká tiẹ̀ ní kò sí àkọlé kankan, ṣé ojú ò sí ni? Lẹ́yìn àtúnkọ́ àwọn ọdún 1930, ilé ìbọn kẹta ọkọ̀ ogun Fuso máa ń kọjú síwájú tó bá wà nísinmi, ti Yamashiro tó jọ ọ́ ń kọjú sẹ́yìn. Páìpù èéfín mẹ́ta ni ọkọ̀ ogun Kongo ní níbẹ̀rẹ̀. Àtúnkọ́ tó parí ní 1931 sọ ọ́ di méjì. Ẹni tó bá wá kọ "1941" sábẹ́ Kongo onípàìpù mẹ́ta, irọ́ ló ń pa.

AI tí wọ́n fi ń tún àwòrán ṣe, tí wọ́n sì fi ń kùn ún láwọ̀ ńkọ́? Ẹ̀rọ yẹn kò rí nǹkan kan, ó kàn ń méfò ni. Ìbọn mẹ́ta-mẹ́ta ló wà nínú ilé ìbọn Yamato kọ̀ọ̀kan, ẹnu ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 46; ẹ̀rọ á fi ìkẹrin kún un, kò sì ní tijú. Tó bá kan àwọ̀, ńṣe ló ń kun gbogbo ọkọ̀ ní búlúù. Ọ̀dà aláwọ̀ eérú ni wọ́n ń lò, èyí tí wọ́n sì pò ní ọgbà ìkanọkọ̀ Kure kò bá ti Sasebo, Yokosuka tàbí Maizuru mu. Lórí ọkọ̀ cruiser (èyí tó tóbi ju destroyer lọ) àti destroyer, linoleum, ìyẹn ìtẹ́lẹ̀ bíi rọ́bà, aláwọ̀ ilẹ̀ pupa ni wọ́n tẹ́, wọ́n wá fi idẹ tẹ́ẹ́rẹ́ dè é mọ́lẹ̀. Ẹ̀rọ wo ló mọ ìyẹn?

Tí ẹ bá ní fọ́tò gidi lọ́wọ́, ẹ fi scanner gbà á ní 600 dpi (ìwọ̀n bí àwòrán ṣe mọ́ tó) ó kéré tán, kẹ́ ẹ tọ́jú rẹ̀ ní TIFF, irú fáìlì tí kì í ba àwòrán jẹ́, pẹ̀lú etí funfun rẹ̀ àti ẹ̀yìn rẹ̀. Tó bá jẹ́ inú ìwé ìròyìn lẹ ti rí i, àwọn àmì tótòtó tí wọ́n fi tẹ àwòrán sínú ìwé á máa hu ìlà bí ìgbì tẹ́ ẹ bá fi scanner gbà á. Orí ẹ̀dà ni kẹ́ ẹ ti tún ìyẹn ṣe, kì í ṣe orí ojúlówó. Nọ́ńbà NH tàbí 80-G tí ilé ìpamọ́ Amẹ́ríkà fún un, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Lórí WhatsApp, ẹ fi ránṣẹ́ bíi fáìlì. Tẹ́ ẹ bá fi ránṣẹ́ bíi fọ́tò, á rún un mọ́lẹ̀.

Orúkọ yín gbàgàdà tí ẹ ń kọ gba àárín àwòrán kọjá yẹn náà ńkọ́? Lábẹ́ òfin Jàpáànì, àwòrán tí wọ́n yà ṣáájú 1946 ti di ti gbogbo ayé. Àárín ọkọ̀ lẹ sì máa ń kọ ọ́ sí, níbi tí àwọn ìbọn ajábàálù wà gẹ́lẹ́, àwọn tí a máa ń kà láti mọ oṣù tí wọ́n yà á. Ẹ yọ ọ́ kúrò níbẹ̀ o jàre.