Kò sí kálà láyé ìgbà yẹn kẹ̀? Ó wà o, ó wà dáadáa

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo fi DVD Some Like It Hot sí i nílé ẹ̀gbọ́n mi, fíìmù ò tíì lo ìṣẹ́jú mẹ́ta tí wọ́n ti gba rìmóòtù lọ́wọ́ mi, wọ́n ń tẹ ibí wọ́n ń tẹ ọ̀hún, wọ́n ní ta ló tún fọwọ́ kan tẹlifíṣọ̀n àwọn tí kálà ò fi yọ mọ́. Mo ní ẹ̀gbọ́n, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án, bí fíìmù yẹn ṣe rí nìyẹn. Ni wọ́n bá ju rìmóòtù sórí àga, "Ẹn-ẹ́n, ayé àtijọ́ ni, wọn ò tíì mọ kálà ṣe nígbà yẹn." Gbogbo pálọ̀ sì ń mi orí.

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Ẹ gbé fíìmù àtijọ́ kan sórí Facebook báyìí, ẹni kẹta tó máa fèsì, ohun tó máa kọ nìyẹn. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ o jàre.

Ọdún 1959 ni fíìmù yìí jáde ní Amẹ́ríkà. Fíìmù Becky Sharp tí wọ́n fi Technicolor, ọ̀nà tí wọ́n fi ń ya fíìmù kálà nígbà yẹn, ṣe látòkè délẹ̀ ti jáde látọdún 1935. Gone with the Wind àti The Wizard of Oz, 1939 ni méjèèjì, ogún ọdún gbáko ṣáájú. Bàtà Dorothy, ọmọbìnrin inú Wizard of Oz yẹn gan-an, fàdákà ló wà nínú ìwé, àwọn onífíìmù ló sọ ọ́ di pupa kó lè tàn dáadáa nínú kálà, ṣé ẹni tí ò ní kálà ló ń ṣerú ẹ̀? Èyí tó wá pa ẹjọ́ náà tì pátápátá: Billy Wilder tó darí Some Like It Hot àti Marilyn Monroe tó ṣeré nínú ẹ̀ ti jọ ṣe fíìmù kan lọ́dún 1955, The Seven Year Itch, kálà ni, gáàùn funfun tí atẹ́gùn ń fẹ́ sókè yẹn, inú ẹ̀ ló ti wá. Dáírẹ́kítọ̀ kan náà, òṣèré kan náà, ọdún mẹ́rin ṣáájú. Àbí kálà tán lọ́jà ni?

Àtíkè ló fà á. Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé ìtàn ẹ̀ díẹ̀ fẹ́ni tí ò tíì wò ó. Chicago ni, lọ́dún 1929, àwọn olórin méjì kan, Tony Curtis àti Jack Lemmon, ṣèèṣì rí ibi tí àwọn jàǹdùkú ti ń yìnbọn pa èèyàn nínú gáréèjì, wọ́n sá, wọ́n wọ gáàùn, wọ́n dé wíìgì, wọ́n wọ ẹgbẹ́ olórin àwọn obìnrin tó ń wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Florida. Ó wá di pé ọkùnrin méjì máa ṣe obìnrin fún èyí tó pọ̀ jù nínú fíìmù náà. Ẹ̀yin náà ẹ wo ojú ọkùnrin tó fá irùngbọ̀n láàárọ̀, tó bá máa fi dọ̀sán ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ á ti máa ṣú, nǹkan tí wọ́n sì máa fi bo irú ojú bẹ́ẹ̀, ó ní láti nípọn. Nígbà tí wọ́n fi kálà dán an wò, ojú àwọn méjèèjì ń ṣe àwọ̀ ewé! Bí ẹni tí ibà ń ṣe. Wilder ní rárá, dúdú àti funfun la máa yà á. Monroe ò kọ́kọ́ gbà, kálà ló wà nínú ìwé àdéhùn tiẹ̀, àfìgbà tí wọ́n fi ìdánwò yẹn hàn án ló tó gbà.

Àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ mú gan-an yàtọ̀. Frank Sinatra, gbajúmọ̀ olórin yẹn, ni Wilder ń wò fún ipò Lemmon, wọ́n fi oúnjẹ ọ̀sán pàdé, Wilder jókòó títí, ọ̀gbẹ́ni ò yọjú. Mitzi Gaynor náà wà lára àwọn tí wọ́n rò fún ipò Sugar, ìyẹn ipò tí Monroe ṣe, kí Monroe tó dé, ìgbà tí Monroe sì dé, tí orúkọ ńlá ti wà nínú iṣẹ́, ló tó rọrùn fún United Artists, iléeṣẹ́ tó ń gbé fíìmù náà jáde, láti gba Lemmon tí orúkọ ẹ̀ ò tíì tóbi tó bẹ́ẹ̀. Èmi ò rò pé Sinatra lè ṣe é bíi tiẹ̀ láéláé, àmọ́ èrò tèmi nìyẹn. Curtis àti Lemmon máa ń sọ ọ́ fúnra wọn pé nígbà tí wọ́n múra tán, àwọn lọ jókòó sí tọ́ílẹ́ẹ̀tì àwọn obìnrin ní stúdíò, àwọn ń tún lípúsítíìkì ṣe níwájú dígí, ẹnikẹ́ni ò bi àwọn pé kí lẹ wá ṣe.

Ibi tí mo fẹ́ràn jù ni ibi tí Lemmon ti dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì tó ń mi maracas, irú ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ kéékèèké yẹn, tó ń sọ fún Curtis pé òun àti ọkùnrin olówó kan ti jọ ṣàdéhùn ìgbéyàwó. Tó bá sọ̀rọ̀ kan, á mì í ṣàkà-ṣàkà, á jó lórí ìdùbúlẹ̀, kó tó sọ òmíràn. Wilder ló fi maracas lé e lọ́wọ́, kí èrò inú sinimá lè rẹ́rìn-ín tẹ́rùn kí ọ̀rọ̀ tó kàn má bàa bọ́ sínú ariwo. Ẹ wo ojú ẹ̀ níbẹ̀ dáadáa, ojú mọ́lẹ̀, ètè dúdú tí gbogbo wa mọ̀ pé pupa ni. Ẹ wá fi ojú àwọ̀ ewé sí i.

Àní Oscar ìgbà yẹn pín ẹ̀bùn sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, fíìmù kálà ní tiẹ̀, dúdú àti funfun ní tiẹ̀, ẹ̀bùn aṣọ ti dúdú àti funfun ni Orry-Kelly gbà fún fíìmù yìí. Ta ló ń pín nǹkan tó jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo sí méjì?

Mo mọ ibi tí tiwa ti wá ṣá. Ọdún 1959 yẹn náà ni WNTV, iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n, bẹ̀rẹ̀ n'Íbàdàn, dúdú àti funfun sì ni, tẹlifíṣọ̀n kálà pẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, torí náà ohun tójú àwọn bàbá wa rí nínú àpótí yẹn ni wọ́n fi ń díwọ̀n sinimá. Tẹlifíṣọ̀n ọ̀tọ̀, sinimá ọ̀tọ̀.

Àwọn kan á tún ní àwọn ti rí kálà ẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kọ̀ǹpútà ló kùn ún. Ẹ ra DVD ẹ̀, ẹ ra Blu-ray, títí kan èyí tí iléeṣẹ́ Criterion tún ṣe ní 4K, àwòrán tó mọ́ kedere gan-an, tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2018, dúdú àti funfun ni gbogbo wọn, ó kàn mọ́lẹ̀ kedere ni. Wọ́n tiẹ̀ ti jà sí ọ̀rọ̀ kíkùn yìí rí, láàárín ọdún 1980 sí 1989, nígbà tí Ted Turner, olówó oníléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan ní Amẹ́ríkà, ń kun fíìmù àtijọ́ fún tẹlifíṣọ̀n, inú bí àwọn dáírẹ́kítọ̀ débi tí wọ́n fi dé ọ̀dọ̀ ìjọba, òfin jáde lọ́dún 1988, ìyẹn ló bí ìwé àkọsílẹ̀ fíìmù tí Amẹ́ríkà ò fẹ́ kó parun. Fíìmù 25 ni wọ́n kọ́kọ́ kọ sí i lọ́dún 1989, Some Like It Hot sì wà nínú ẹ̀.

Mo ro gbogbo èyí fún ẹ̀gbọ́n mi, wọn ò dá mi lóhùn, wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí fíìmù parí ni wọ́n kọjú sí mi: "Ó dáa, gáàùn Marilyn yẹn, kálà wo ni gan-an?"